Igbó Ọ̀ṣun: Tiwa Ni, Ẹ Jẹ́ Ká Ṣọ́ Ọ

Ọ̀rọ̀ ààbò Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ló kàn. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni gégi, ṣọdẹ, pẹja tàbí dáko níbẹ̀. Àwọn kan lè bèèrè pé: ṣé ilẹ̀ baba wa kọ́ ni? Tiwa ni, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ ká ṣọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ igbó àyíká ti di oko àti ilé. Èyí ṣì dúró, UNESCO sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Bí a bá gé igi etí odò Ọ̀ṣun nínú igbó náà, àgbàrá á wọ́ ilẹ̀ lọ, odò á sì kún fún ẹrẹ̀. Ìjọba, ẹ fi òfin mú àwọn awakùsà tó ń ba omi Ọ̀ṣun jẹ́. Ará ìlú, ẹ lọ wo igbó náà, àmọ́ ẹ má mú ohunkóhun níbẹ̀.