Omi ló dànù, agbè ò fọ́: ọ̀rọ̀ lórí Red Line àti bátìrì

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá ń gbé Akute, tí ẹ máa ń lọ wọ Red Line ní Ìjú tàbí Àgbàdo, ọ̀rọ̀ yín ni. Bó bá sì jẹ́ inverter nìkan lẹ mọ̀, ọ̀rọ̀ yín náà ni.

2/ Ládùúgbò wa, kò sẹ́ni tí ò mọ ìṣirò jẹnẹrétọ̀. Tó o bá tan jẹ́ẹ̀nì ńlá torí gílóòbù méjì àti fóònù kan, epo á ṣáà máa jó ni. Ìdí nìyẹn tí bàbá onílé wa fi ra inverter. Wákàtí méjì péré ni wọ́n ń tan jẹ́ẹ̀nì lálẹ́. Ó ń gbé ilé, ó tún ń rọ iná sí bátìrì. Tí wọ́n bá pa á, gbogbo ilé á dákẹ́ rọ́rọ́, fáànù á ṣì máa yí.

3/ Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó ń jó díísù, jẹ́ẹ̀nì tó ń rìn ni. Ẹ́ńjìnnì wọn kì í yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tààrà bíi ti dánfó. Ẹ́ńjìnnì á yí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ á pèsè iná, iná yẹn lá wá yí àwọn ẹ̀rọ tó wà lára ẹsẹ̀ ọkọ̀.

4/ Ibi tó dùn nìyí: tí awakọ̀ bá fẹ́ dẹwọ́ eré, àwọn ẹ̀rọ yẹn kan náà lè yí padà di jẹnẹrétọ̀. Wọ́n á fa ọkọ̀ sẹ́yìn, wọ́n á sì máa pèsè iná. Àmọ́ nígbà tí kò síbi tí wọ́n lè tọ́jú iná ọ̀hún sí, wọ́n á darí ẹ̀ sí àwọn irin kan tó máa gbóná bíi sítóòfù oníná. Fáànù á fẹ́ ooru náà sójú ọ̀run. Ó parí.

5/ Ẹ wá wo Red Line. Láti October 15, 2024 ló ti ń kó èrò: Àgbàdo, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin, Yábà, Òyìngbò. Nǹkan bíi kìlómítà 27. Tó bá kúrò l'Ágbàdo, ẹ̀ẹ̀meje ló máa dúró.

6/ Mo ṣírò ẹ̀ fúnra mi. Ká ní ọkọ̀ náà wúwo tó tọ́ọ̀nù 300, tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí. Agbára tó wà nínú eré yẹn tó yúnìtì 20, irú yúnìtì tí à ń rà sórí mítà. Ìlọ́po méje, 140. Ká ní ìdajì péré la rí gbà padà, 70 nìyẹn, nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo! Ó tó bíi lítà díísù 20.

7/ Kì í ṣe àlá o. Ní 2007, ilé iṣẹ́ JR East ní Japan ti ń fi ọkọ̀ díísù tó ní bátìrì kó èrò. Ní 2021, wọ́n so ọkọ̀ oníbátìrì mọ́ ti díísù ní California láti fa ẹrù, epo tí wọ́n ń jó sì fi nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 dínkù.

8/ Ẹnì kan á ní: “Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi iná gbé e bíi Blue Line?” Ó dáa. Àmọ́ ojú irin tó ń lọ sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ni Red Line ń bá pín. Owó ńlá ni, gbogbo wa la sì rí bí grid ṣe ń ṣubú lemọ́lemọ́ ní 2024. Bátìrì ò ní kí NEPA kọ́kọ́ dáa.

9/ Mi ò ní purọ́ fún yín, bátìrì ní wàhálà tiẹ̀. Bátìrì tí aládùúgbò wa kan rà ò lò tó ọdún kan. Inú yàrá tó gbóná ni wọ́n gbé e sí, ẹnikẹ́ni ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ Ìbàdàn náà kì í dúró lemọ́lemọ́, èrè ibẹ̀ ò ní pọ̀ tó ti Red Line.

10/ Torí náà, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Tí ìjọba Èkó bá fẹ́ ra ọkọ̀ mìíràn fún Red Line, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ó gbọ́dọ̀ lè tọ́jú iná bíréèkì. Kí wọ́n sọ iye lítà tí ìrìn kọ̀ọ̀kan ń jó fún wa. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ tó ń tún inverter ṣe níṣẹ́ náà, wọ́n kún ìgboro.

11/ Àwa la máa san án. Tí díísù bá wọ́n, yálà kí owó ọkọ̀ lé, tàbí kí ìjọba fi owó wa dí i. Èéfín ẹ̀ náà, ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì létí irin ló ń fà á símú.

12/ Omi ló ń dànù, agbè ò tíì fọ́. Tí ẹ bá wọkọ̀ lọ́la, tó bá ti ń rọra wọ Ìkẹjà, ẹ rántí bàbá onílé wa.