Físíò Wà Fún Èémí Náà

Ọyẹ́ Màídúgùrì kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìbàdàn. Láti ìhà Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé eruku wá bá wa, àwọn tó ní ásímà láàrin wa ló sì ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó ń dùn wá ni pé àgbo nìkan ni àwọn mìíràn ń mu, tàbí kí wọ́n wọkọ̀ lọ sílé lọ wádìí ẹni tó ń ṣe wọ́n.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ẹni tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ nìkan ni físíò wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Màídúgùrì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ yìí, ẹ̀ka físíò sì wà ní UMTH. Wọ́n ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe mí: kó fa èémí símú, kó sún ètè jọ bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kó rọra tú u jáde, kó sì pẹ́ ju bó ṣe fà á lọ. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró kò ní tètè pa dé. Bí èémí bá ń há, kó jókòó, kó tẹ̀ síwájú, kó fi ìgbọ̀nwọ́ lé itan. Wọ́n tún ń kọ́ni bí a ṣe ń yọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láìfi ikọ́ pa ara ẹni.

Kò rọ́pò oògùn dókítà o. Ẹni tí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán nítorí èémí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ wa, ẹ pe oníṣẹ́ físíò kan wá sípàdé kí ọyẹ́ tó dé.