Àbùkù Wo Ni Kí A Kọ́kọ́ Tún Ṣe?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ẹ̀sùn àbùkù rí lórí tábìlì ọ̀gá. Ọ̀kan ní ọ̀dà ara mọ́tò ti ń bó, èkejì ní bíréèkì kò mú mọ́. Bí a bá tò wọ́n bí wọ́n ṣe dé, ọ̀dà lè ṣáájú bíréèkì.

Bákan náà ni fún àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ. Àbùkù máa ń pọ̀ ju ọwọ́ tí yóò tún un ṣe lọ. Wọ́n ní láti pín in: èyí tó lè pa ènìyàn, èyí tó lè dá iṣẹ́ dúró, èyí tó lè dúró dọ̀la. A kò bá wọn jà sí èyí. Ohun tí à ń bèèrè ni pé: ta ni ó ń pín in, ta ni wọ́n sì ń sọ fún?

Ẹ wo ilé iṣẹ́ Boeing ní Amẹ́ríkà. Ní 2017, wọ́n rí i pé àmì ìkìlọ̀ kan kò ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ bàálù 737 MAX. Ohun èlò méjì ló ń wọn bí imú bàálù ṣe dojú kọ afẹ́fẹ́. Àmì yìí ló yẹ kí ó sọ fún awakọ̀ bí wọn kò bá bára mu. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀ràn ewu, wọ́n sún àtúnṣe rẹ̀ di 2020, wọn kò sì sọ fún àwọn awakọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá, 2018, ọ̀kan já sínú òkun Indonéṣíà, ènìyàn 189 kú. Ohun èlò kan ń wọn òdì. Ètò kọ̀ǹpútà mìíràn gbà á gbọ́, ó sì ń ti imú bàálù wálẹ̀. Ètò yẹn ni olórí ewu, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí Indonéṣíà ka àìsí ìkìlọ̀ náà mọ́ ohun tó dá kún jàǹbá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, 2019, òmíràn já ní Ethiopia, 157 kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adésanmí, ọmọ Ìsánlú, wà nínú wọn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí a máa bèèrè. Kí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ wà níbi tí wọ́n ti ń pín àbùkù. Kí wọ́n kọ èsì sínú ìwé fún ẹni tó fẹ̀sùn sùn. Kí wọ́n sì sọ àbùkù tí wọ́n bá sún síwájú fún ẹni tí yóò gun ọkọ̀ náà lọ́la.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Ẹ má ṣe kọ "kíákíá" sí ẹ̀sùn gbogbo. Bí ohun gbogbo bá di kíákíá, kò sí èyí tó yá mọ́. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, àti ẹni tó lè fara pa. Ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì kọ́ ni yóò wà nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ tí bíréèkì bá já.