Ẹ Jẹ́ Kí A Gbọ́ Eré Tán Kí A Tó Hó

Àwọn baba wa ní òwe kan tí kì í gbó: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni a sábà máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n lónìí àwa fẹ́ pa á sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń lọ wo eré ní àwọn ilé eré ńláńlá ìlú òyìnbó. Ariwo àwọn òǹwòran nínú ilé wọ̀nyí, ìyìn àti èébú, ti gbé àwọn kan ga, ó sì ti lé àwọn mìíràn kúrò lórí ìtàgé. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti hó, nígbà wo ni ó sì tọ́ kí ó hó?

Irú eré tí a ń wí ni ọ́pẹ́rà. Orin ni wọ́n fi ń ṣe é: ìfẹ́, ìjà, àti ikú pàápàá, orin ni a fi ń sọ ọ́. Orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1944, ọ́pẹ́rà ni wọ́n pè é. Ní ọdún 1964 sì ni Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Òǹwòran tiwa pẹ̀lú kì í pa ẹnu mọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wo eré alárìnjó mọ̀ pé èrò ìworan a máa gbe orin, a máa dá òṣèré lóhùn, a sì máa kùn bí eré kò bá dùn. Nítorí náà, kì í ṣe pé àwa fẹ́ kí òǹwòran jókòó bí ère.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Milan ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí ilé eré La Scala ti wà láti ọdún 1778. Àwọn olówó àti àwọn ènìyàn jàǹkànjàǹkàn a máa jókòó sí ìsàlẹ̀ àti sí àwọn yàrá kéékèèké tí ó yí ògiri ká. Lókè téńté, lábẹ́ àjà, ni àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan ń wà. Loggione ni orúkọ ibẹ̀. Àwọn ará òkè yìí mọ orin náà lórí. Bí ohùn akọrin bá yẹ̀ díẹ̀, wọn yóò mọ̀. Ìyìn wọn ni àwọn akọrin ń wá ju ti àwọn olówó ìsàlẹ̀ lọ, ariwo wọn ni wọ́n sì ń bẹ̀rù. Àwa gbóríyìn fún wọn nítorí èyí. Ohun tí ó dára ni pé kí mẹ̀kúnnù lè dá ẹjọ́ ohun tí a fi owó ńlá gbé kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ọdún 2006. Aida tí Verdi kọ ni wọ́n ń ṣe, Roberto Alagna sì ni ó ń kọ orin akọni ọkùnrin. Kò pẹ́ rárá tí eré náà bẹ̀rẹ̀ tí orin líle kan fi já lé ọkùnrin yìí lórí; ohùn rẹ̀ kò tí ì yọ́ dáadáa tí ó fi gbọ́dọ̀ gbé e sókè. Bí Alagna ti kọ orin náà tán ni àwọn kan lókè hó lé e lórí. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ni wọ́n bá sáré ti Antonello Palombi, ẹni tí ó wà ní ìmúrasílẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, sórí ìtàgé pẹ̀lú ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀, láàrin àwọn tí ó múra bí ará Íjíbítì ayé àtijọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe eré náà títí ó fi parí.

Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ni ó jẹ̀bi. Àwọn tí ó hó dá ẹjọ́ gbogbo alẹ́ láti inú orin kan ṣoṣo. Alagna náà gbàgbé pé àwọn tí ó hó kọ́ ni gbogbo ilé, àti pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sanwó láti gbọ́ ọ tí wọn kò ṣẹ̀ ẹ́ ní ohunkóhun.

Ní ilé eré kan náà yìí, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì, ọdún 1904, Puccini gbé Madama Butterfly jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ yìí nígbà náà. Ó ti ṣe La Bohème àti Tosca, ayé sì ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, àwọn òǹwòran hó, wọ́n fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pariwo pé orin àtijọ́ ni ó tún ń kọ. Nígbà tí ó di ibi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ nínú eré, tí wọ́n ṣe ohùn ẹyẹ, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ẹranko láti ibi tí wọ́n jókòó. Ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé àwọn abánidíje Puccini ni ó kó àwọn aláriwo jọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Puccini kó eré rẹ̀ nílẹ̀. Ó tún un ṣe, ó gé ìpín kejì rẹ̀ tí ó gùn jù sí méjì, ó sì gbé e lọ sí ìlú Brescia ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà. Níbẹ̀ ni àtẹ́wọ́ ti dáhùn. Lónìí, kò sí ilé eré ńlá kan lágbàáyé tí kò mọ orin Butterfly.

Ẹnìkan lè sọ pé ariwo náà ni ó mú kí eré yìí dára. A gbà pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: ìpín kejì náà gùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n igbe ẹranko kì í kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́. Bí ọkàn Puccini bá ti pòrúurùu ní alẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́? Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ dára a máa sọ ibi tí ó kù sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó kú a máa bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́ ọ.

Ti ìlú Párísì tún burú ju èyí lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1861, wọ́n ṣe Tannhäuser ti Wagner ní ilé ọ́pẹ́rà ìlú náà, nípa àṣẹ Napoleon Kẹta fúnra rẹ̀. Ìgbà 164 ni wọ́n fi dán eré yìí wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Jockey Club. Àṣà wọn ni láti jẹun alẹ́ tán pátápátá kí wọ́n tó wá, nítorí náà wọ́n fẹ́ kí ijó wà ní ìpín kejì eré. Ìpín kìn-ín-ní ni Wagner fi ijó sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ó bá ìtàn mu. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyí. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n kórìíra aya ikọ̀ ilẹ̀ Austria tí ó ṣe alágbàwí Wagner láàfin. Ìjà òṣèlú ni wọ́n wá fi orin jà. Fún alẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fi súfèé bo orin mọ́lẹ̀, Wagner sì kó ẹrù rẹ̀. Ọdún 1895 ni ilé náà tó tún ṣe Tannhäuser. Ọdún 34 ni àwọn ará Párísì tí kò bá ẹnikẹ́ni jà fi pàdánù eré yìí ní ilé ọ́pẹ́rà ìlú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èébú nìkan ni a lè fi ṣe èké. Ní ilé kan náà, ní nǹkan bí ọdún 1830 sókè, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Auguste Levasseur ni olórí àwọn apàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ tí ó ń jẹ nìyẹn. Yóò lọ wo ìdánwò eré, òun àti ọ̀gá ilé eré yóò jọ fẹnu kò sí ibi tí àtẹ́wọ́ yóò ti dún, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì fọ́n ká sáàrin èrò láti ṣe é. Àtẹ́wọ́ tí a rà àti ariwo tí a rà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń jí ìdájọ́ gbé lọ́wọ́ ẹni tí ó sanwó wọlé.

Ǹjẹ́ kí ni ó tọ́? Àpẹẹrẹ kan ti ìlú New York wá. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2009, ilé eré Metropolitan fi Tosca tí Luc Bondy gbé kalẹ̀ lọ́tun ṣí sáà eré rẹ̀, dípò ti Franco Zeffirelli tí àwọn òǹwòran ti fẹ́ràn láti ọdún 1985. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ eré náà dé òpin. Nígbà tí àwọn akọrin jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà tí Bondy àti àwọn tí wọ́n jọ ṣètò rẹ̀ jáde láti tẹrí ba, ariwo ńlá sọ. Ẹ wò ó bí wọ́n ti ya olóòótọ́ òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 2017, ilé náà gbé Tosca mìíràn kalẹ̀, èyí tí David McVicar ṣe, tí ó sì bá ti àtijọ́ mu. Ariwo tí ó dé lẹ́yìn ìgbọ́ràn ń ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ pẹ́.

Ó sì tún ní ohun tí ó yẹ kí ó mú wa rọra. Ní Bayreuth, ìlú kékeré tí Wagner kọ́ ilé eré rẹ̀ sí, Patrice Chéreau ará Faransé gbé eré mẹ́rin tí à ń pè ní Ring kalẹ̀ ní ọdún 1976. Ó sọ odò Rhine di ibi ìdídò tí a ti ń fa iná mànàmáná. Àwọn òǹwòran bínú gidigidi, wọ́n hó, wọ́n súfèé. Ní ọdún 1980, nígbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn, àtẹ́wọ́ tí àwọn òǹwòran pa ju wákàtí kan lọ. Ṣé eré náà ni ó yí padà ni, tàbí etí àwọn tí ń gbọ́ ọ? Chéreau tún àwọn ibì kan ṣe lọ́dọọdún, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran náà ti kọ́ bí a ti ń wò ó.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tiwa kò ṣòro. Kí òǹwòran di ẹ̀tọ́ rẹ̀ mú. Ilé eré tí a bá ti sọ ọ́ di ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti di ìtẹ́ òkú. Ṣùgbọ́n kí ó gbọ́ eré tán, kí ìdájọ́ rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, kí ó má jẹ́ ti ẹni tí ó fún un ní súfèé ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ṣe eré òpin ọdún ní ilé-ìwé yín, ẹ kọ́ àwọn tí ó jókòó bí a ti ń gbọ́ràn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń kọ́ àwọn tí ó dúró bí a ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí ẹ máa ń kún pápá fọ́fọ́ ní ọjọ́ ìpàdé, ẹ̀yin pẹ̀lú mọ ohun tí à ń pè ní aláriwo ọ̀yà. Ẹni tí kò bá lè gbọ́ orin ẹlòmíràn dé òpin, báwo ni yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ alátakò rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí a kò sì gbọ́ tán, a kò lè borí rẹ̀. A kàn fi ariwo bò ó ni, yóò sì tún dìde lọ́jọ́ mìíràn.