Níbo ni Ìwé Ètò Ìlú Yín Wà?

Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ètò ìdàgbàsókè tuntun yóò dé gbogbo wọ́ọ̀dù 8,809 tó wà ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dájọ́ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kí gómìnà kankan má dá a dúró mọ́. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa kò ju ọ̀kan lọ: èló ni yóò kàn wá? Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé, níbo ni ìwé ètò ìlú yín wà?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé nìkan nìyí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ tó ń wọ àwọn abúlé ti ń gba orí ìwé kọjá. Àwọn ará Ọ̀yọ́ yóò rántí ètò LEEMP. Lẹ́yìn rẹ̀ ni CSDP dé ní ọdún 2009, pẹ̀lú 200 mílíọ̀nù dọ́là tí Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà. Nígbà tí àrùn Kòrónà sọ ọjà àti oko di ahoro, NG-CARES bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021 pẹ̀lú 750 mílíọ̀nù dọ́là, tí ìpín ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ tó 20 mílíọ̀nù. Ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìlú lábẹ́ CSDP náà ló ń bójú tó apá tirẹ̀ nínú NG-CARES. A mọ̀ wọ́n ní Èkìtì, ní Ọ̀ṣun, ní Òǹdó, ní Ọ̀yọ́ àti ní Kwara.

Ohun tó ya ètò yìí sọ́tọ̀ sí kànga tí olóṣèlú ń gbẹ́ nígbà ìbò ni pé kì í ṣe ìjọba ló ń yan iṣẹ́ fún ìlú. Ìlú ló máa kọ lẹ́tà pé àwọn fẹ́ kópa. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà yóò wá jókòó pẹ̀lú wọn. Wọn yóò ya àwòrán ìlú náà sílẹ̀, nígbà mìíràn orí erùpẹ̀ ni wọ́n máa ń yà á sí: odò rèé, ilé ìwé rèé, ibi tí ọ̀nà ti já rèé, oṣù tí omi máa ń gbẹ nìyí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin yóò lọ sọ ìṣòro wọn ní ọ̀tọ̀, àwọn obìnrin ní ọ̀tọ̀, àwọn ọ̀dọ́ náà ní ọ̀tọ̀. Nígbà tí gbogbo wọn bá tún padà pàdé, wọn yóò to ìṣòro wọ̀nyí láti orí èyí tó ń dunni jù. Ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní ìwé ètò ìdàgbàsókè ìlú. Ìlú yóò dìbò yan ìgbìmọ̀ tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, wọn yóò ṣí àkáǹtì ní orúkọ ìlú, ìgbìmọ̀ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ yóò yẹ ìwé náà wò, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ yóò fọwọ́ sí i, owó yóò sì máa wọlé díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti ń lọ. Kíláàsì, ilé ìwòsàn, omi, iná, afárá kékeré, ìsọ̀ ọjà, irú èyí ni wọ́n ń ṣe. Mọ́sáláṣí kò sí lára wọn, ṣọ́ọ̀ṣì náà kò sí.

Ẹni tó bá ka ohun tí mo kọ yìí dáadáa yóò rí i pé ṣúrà ni. Èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ nìkan ló yàtọ̀. Sùúrà kan odindi ń jẹ́ orúkọ yìí nínú Kùránì, a sì ń fi ṣe wáàsí lọ́dọọdún. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ abúlé Mùsùlùmí tí a mọ̀, bí ìpàdé ìlú bá dé, Lèmọ́mù, Baálẹ̀ àti àgbàlagbà mẹ́ta ló ń sọ ohun tí gbogbo ìlú fẹ́. Àwọn ìyá alásàlátù wà lẹ́yìn, wọ́n ń ṣe àmín. Bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń pọn omi! Tí ẹ bá bi àwọn ọkùnrin ní ohun tí ìlú nílò, ẹ ó máa gbọ́ ọ̀nà àti iná. Ẹ bi àwọn obìnrin, wọn yóò sọ fún yín bí ọ̀nà odò ti jìn tó nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọn yóò sì dárúkọ ẹni tó bímọ sójú ọ̀nà nítorí pé ilé ìwòsàn jìnnà. Ní tèmi, yíya ìpàdé àwọn obìnrin sọ́tọ̀ ni apá tó wúlò jù nínú ètò yìí, kò sì lòdì sí ẹ̀sìn wa níbì kankan. Àwa tí a ti ń jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tipẹ́ ló yẹ kó rọ̀ lọ́rùn jù.

Àwọn kan ti béèrè pé, owó Báńkì Àgbáyé kọ́ nìyí, èlé kò ha wà lórí rẹ̀? Ìbéèrè Mùsùlùmí ni, kò sì yẹ kí á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjọba ló tọwọ́ bọ ìwé gbèsè náà, òun ni yóò sì san án. Ohun tó dé ọwọ́ ìlú kì í ṣe gbèsè, ìrànwọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní wá sin ín lọ́wọ́ Baálẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí ìjọba ṣe ń yáwó jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá tí ó yẹ kí àwọn onímímọ̀ máa sọ, ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ tó bá kọ omi mímu sílẹ̀ nítorí rẹ̀ kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lábẹ́ CSDP, ìlú ni yóò mú ìdá yìí wá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà, ti ìlú jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin. Bí abúlé bá ní ọgọ́ta ilé, ilé kọ̀ọ̀kan yóò mú ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá náírà wá. Fún opó tó ń ta ẹ̀kọ, owó ńlá ni. Òótọ́ ni pé wọ́n ń gba iyanrìn, òkúta àti iṣẹ́ ọwọ́ dípò owó, èyí sì dára. Mo fara mọ́ ìdá yìí, nítorí ohun tí ènìyàn bá dáwó sí, kì í jẹ́ kí wọ́n jí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n abúlé tó tòṣì jù ni yóò kọ́kọ́ já sílẹ̀ bí a kò bá ṣọ́ra. Kí la wá ń kó sàká jọ fún? Mùsùlùmí ọlọ́rọ̀ tó ní ilé sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ń wá abúlé rẹ̀ lọ́dún Iléyá, lè san ti àwọn aláìní ládùúgbò rẹ̀. Ìyẹn yóò wúlò ju géètì tuntun tí à ń kọ orúkọ baba ẹni sí lọ.

NG-CARES tún mú ìyípadà kan wá tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí. Ìpínlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ná owó tirẹ̀, àwọn olùyẹ̀wò tí kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ náà yóò wá wò ó bóyá iṣẹ́ náà wà lóòótọ́, lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò tó san án padà. Gómìnà tí kò bá gbé owó sílẹ̀, kò ní gba nǹkan kan, àwọn abúlé rẹ̀ náà kò sì ní rí nǹkan kan. Nítorí náà, nígbà tí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ má bi í léèrè ìrẹsì. Ẹ bi í pé èló ni ìpínlẹ̀ yìí gbé sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú lọ́dún tó kọjá, èló ni wọ́n sì san padà fún un.

N kò ní pa irọ́ pé ìwé nìkan tó. Ìwé ètò wà tó ti di oúnjẹ ikán nínú káńbóọ̀dù, tí àwọn tó kọ ọ́ ti kú. Ibòmíràn wà tí ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ti di oyè, tí alága kò fẹ́ fi ìwé owó han ẹnikẹ́ni, tí wọ́n bá sì béèrè, a ní wọ́n ń bá àgbà jà. Kíkọ owó sílẹ̀ kì í ṣe àìfọkàntán. Sùúrátul-Bákárà, àyà 282, tó gùn ju gbogbo àyà Kùránì lọ, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí sí i ló dá lé. Bí owó abẹ́lé láàárín ẹni méjì bá rí bẹ́ẹ̀, ti ìlú ńkọ́?

Òfin ọdún 1999 fúnra rẹ̀, ní abala 7, sọ pé ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ ni láti kópa nínú ṣíṣe ètò ọrọ̀ ajé agbègbè rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ní owó wọn yóò máa dé tààrà, àwáwí pé gómìnà ni kò jẹ́ ti ń tán. Kí abúlé kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́ kí káńsẹ́lọ̀ tó dé. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, níta mọ́sáláṣí kí ẹlẹ́sìn mìíràn lè bá yín jókòó, nítorí omi tí ẹ ń wá kì í béèrè ẹ̀sìn. Ẹ ka ilé, ẹ ka ọmọ tó ń lọ ilé ìwé, ẹ kọ kànga tó bàjẹ́ àti ọdún tó bàjẹ́ sílẹ̀. Kí ọmọ kan tó mọ̀wé tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀kan fún Baálẹ̀, ọ̀kan fún ẹ̀ka ìdàgbàsókè ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ọ̀kan fún ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀. Kí ẹni tó bá gbà á fọwọ́ sí i, kó kọ ọjọ́ sí i. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó gbà á, ẹ béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀.