Orúkọ Tí A Ń Pe Ajá

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe sí ọmọ ènìyàn nìyí, kò sì yẹ kí a gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹran ọ̀sìn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé orí ajá tí ìyá rẹ̀ wá láti inú ìran kan, tí baba rẹ̀ sì wá láti inú ìran mìíràn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wo ilé mọ́. Ẹni tí ó fẹ́ tàbùkù ajá náà a pè é ní àmúlùmálà. Ẹni tí ó fẹ́ tà á a wá orúkọ dídùn fún un. Orúkọ méjèèjì kò sọ irú ajá tí ó jẹ́. Ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ń pè é ni wọ́n ń sọ.

Oríṣi ajá mẹ́ta ni a sábà máa ń kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Èkínní ni ajá tí a mọ ìyá àti baba rẹ̀, tí ènìyàn dìídì jẹ́ kí akọ ìran kan gun abo ìran kejì. A lè pè é ní ajá oníran méjì. Èkejì ni ajá tí ìran rẹ̀ ti dàpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. A lè pe èyí ní ajá oníran púpọ̀. Mongrel ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì ti di èébú lẹ́nu wọn. Ẹ̀kẹta ni ajá ìbílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó pète bí yóò ṣe rí, tí ó ti ń bá àwọn ènìyàn gbé láti ayébáyé.

Bí a bá fẹ́ mọ agbára tí ń bẹ nínú orúkọ, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọsirélíà ní nǹkan bí ọdún 1989. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Wally Conron ni ó ń bójú tó bíbí àti títọ́ àwọn ajá tí ń fi ọ̀nà han afọ́jú. Obìnrin afọ́jú kan ní Hawaii ń fẹ́ irú ajá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ara ọkọ rẹ̀ kò gba irun ajá. Conron bá pa Labrador, tí ó mọ iṣẹ́ náà dáradára, pọ̀ mọ́ poodle, tí irun rẹ̀ kì í sábà gbọ̀n dànù. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Nígbà tí ó wá ìdílé tí yóò gbà wọ́n tọ́, kò rí ẹnì kan, nítorí pé ajá ìran kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Ni ó bá da orúkọ méjèèjì pọ̀, ó pe àwọn ajá náà ní labradoodle, ó sì jẹ́ kí a kéde pé irú ajá tuntun ti dé. Kíá ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè fún wọn. Ajá àná náà ni ajá òní. Orúkọ nìkan ni ó yí padà.

Bí èébú ti ń ṣèpalára, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀tàn. Nígbà tí a yẹ irun àti itọ́ àwọn ọmọ ajá mẹ́ta náà wò, ọ̀kan ṣoṣo ni ara ọkọ obìnrin náà gbà. Síbẹ̀, àwọn oníṣòwò di orúkọ náà mú bí ẹni pé ìlérí ni. Wọ́n ń pa poodle pọ̀ mọ́ oríṣiríṣi ajá, wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ aládùn, wọ́n sì ń tà wọ́n ní owó gegere. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bìkítà bóyá ìyá àti baba ajá ní àrùn nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ó yá, Conron fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ ohun tí òun bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé ajá ìran kan ṣoṣo ni ó dára jù, nítorí pé ẹni tí ó rà á mọ bí yóò ti tóbi tó àti irú ìwà tí yóò hù. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ta ni ó dá ìran kan ṣoṣo sílẹ̀? Ènìyàn náà ni. Ọdún 1873 ni a dá ẹgbẹ́ Kennel Club sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń kọ ìran ajá sínú ìwé. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, agbowó-orí kan tí ń jẹ́ Louis Dobermann, ní ìlú Apolda ní Jámánì, pa oríṣiríṣi ajá pọ̀ kí ó lè rí èyí tí yóò máa ṣọ́ ọ. Lónìí, ajá tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti di ìran kan ṣoṣo. Ohun tí ó jẹ́ àdàlù lánàá di ògidì lónìí nítorí pé a ṣí ìwé fún un.

Ẹ tún wo Dalmatian, ajá funfun tí ó kún fún àmì dúdú kéékèèké. Àbùkù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìran náà látòkè délẹ̀, tí ó lè mú kí òkúta hù nínú àpò ìtọ̀ wọn. Ní ọdún 1973, Robert Schaible pa ọ̀kan nínú wọn pọ̀ mọ́ ajá Pointer lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn èyí ó ń dá àwọn ọmọ wọn padà sínú ìran Dalmatian, títí ó fi rí àwọn tí kò ní àbùkù náà mọ́. Ẹgbẹ́ tí ń kọ orúkọ ajá sínú ìwé ní Amẹ́ríkà gba méjì ní ọdún 1981, ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ ìran náà fárígá. Ọdún 2011 ni ilẹ̀kùn tó ṣí fún ìyókù. Ajá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá dúró níta fún ọgbọ̀n ọdún nítorí pé a ń pè é ní àdàlù.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ajá òyìnbó ni a ń ra ẹran fún, òun ni a ń gbé lọ gba abẹ́rẹ́. Èyí tí ń ṣọ́ ilé àti oko ni a ń pè ní lókà, a sì ń fi í sílẹ̀ kí ó máa wá oúnjẹ fúnra rẹ̀ lórí ààtàn. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé àṣẹ́kù àdàlù ajá òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá abúlé ní Íjíbítì, Ùgáńdà àti Nàmíbíà. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe àdàlù ajá ilẹ̀ òkèèrè. Ó sì yẹ kí a rántí pé dìgbòlugi kì í béèrè ìran kí ó tó wọ ajá lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láti ara ajá ni ènìyàn ti ń kó o ní bí ìgbà 99 nínú 100. Ajá tí a fi orúkọ kẹ́gàn, tí a kò fún ní abẹ́rẹ́, ọmọ ẹni ni yóò bù jẹ.

Nítorí náà, kí a pe oníran méjì ní oníran méjì, kí a pe oníran púpọ̀ ní oníran púpọ̀, kí a sì pe ajá ìbílẹ̀ ní ajá ìbílẹ̀. Kò sí èébú nínú èyí, kò sí ìpọ́nni asán nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ní ohun tí ó jẹ́ gan-an ni yóò mọ ìtọ́jú tí ó yẹ ẹ́.