Ìrànlọ́wọ́ tí ó Yẹ Ọmọ Aláàbọ̀ Ara ní Ilé Ìtọ́jú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ṣoore tí ó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ọ̀rọ̀ yìí bá bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣàánú àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara tí ń gbé ní ilé ìtọ́jú mu. Bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi a kó ìrẹsì lọ, wọn a bá àwọn ọmọ náà ya fọ́tò, ó di àmọ́dún. Ìwọ òǹkàwé, kí ni wọn yóò jẹ nígbà tí ọdún bá lọ tán? Èrò tèmi ni pé ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ tí ń wá lóṣooṣù sàn ju ọ̀pọ̀ tí ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ìjọ Àgùdà dá ilé-ìwé Pacelli sílẹ̀ fún àwọn ọmọ afọ́jú ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, ní ọdún 1962. Ilé Modupe Cole, tí ó jẹ́ ti ìjọba, wà ní Akọkà fún àwọn ọmọ tí ara tàbí ọpọlọ wọn kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó ń ná ilé ìtọ́jú lówó. Ìwé tí afọ́jú fi ń kọ Braille nípọn ju ìwé lásán lọ. Bí bátìrì ẹ̀rọ tí adití fi ń gbọ́ràn bá kú, ẹ̀rọ náà kò wúlò mọ́. Kẹ̀kẹ́ arọ tí ó ṣe wẹ́kú fún ọmọ ọdún 6 kò lè gbà á mọ́ bí ó bá di ọmọ ọdún 10. Èyí tí ó sì tóbi jù lè dá egbò sí i lára. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, owó oṣù àwọn olùtọ́jú ń bẹ níbẹ̀. Bí olùtọ́jú bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àìrówó gbà, ta ni yóò mọ ohun tí ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ń fẹ́? Nítorí náà, béèrè ohun tí wọ́n ṣe aláìní lọ́wọ́ alábòójútó kí o tó ra ohunkóhun.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni. Òfin tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2019 fún aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama, ó sì yẹ kí a máa rán ìjọba létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa lónìí kò lè fi òfin jẹun. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: bí akẹ́kọ̀ọ́ 30 nínú kíláàsì kan bá ń dá owó kékeré jọ lóṣooṣù, bátìrì kò ní wọ́n ọmọ adití kan.

Ní ìparí, má ṣe fi owó nìkan ṣe é. Bẹ̀ wọ́n wò, bá wọn ṣeré, kí o sì fi ẹ̀rọ fọ́tò rẹ sílé. Ọmọ bíi ti ilé rẹ ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ohun àpéwò.